Kajú Tó Wà Nínú Pẹlẹbẹ Tí Mò Ń Ṣe fún Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fi nǹkan pamọ́ fún obìnrin tó ṣe mí lóore jù lọ lẹ́yìn ìyá tó bí mi. Mi ò jí nǹkan rẹ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Oúnjẹ ni mo fún un jẹ, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ó fẹ́ wá sílé mi wá kọ́ bí mo ṣe ń ṣe oúnjẹ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ojú tí màá fi wò ó.

Ìyá ọkọ mi ni. Iye ni gbogbo wa ń pè é, bí àwa ará Òkun ṣe ń pe ìyá. Ìlú Ìyàrá ló ń gbé, èmi àti ọkọ mi sì wà ní Kabba níbí, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ Mopa ni mí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pọ́ńbélé. Mùsùlùmí ni Iye. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ mú mi délé, àwọn kan nínú ẹbí ń kùn. Iye ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, pé ẹsẹ̀ òun kọ́ ni mo fẹ́ fi rìn dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo bí Bọ́lá, tí mi ò lè nàró, oṣù mẹ́ta gbáko ni Iye fi wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń fọ aṣọ tí mo fi ẹ̀jẹ̀ bà jẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò mọ oore. Oore yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn.

Nǹkan tí mò ń ṣe kò le. Màá fi ìka ra bọ́tà mọ́ fúláwà àti ṣúgà títí á fi rí wóro-wóro bíi gààrí. Màá tẹ ìlàjì rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ páànù, màá sè é díẹ̀ kó le, màá wá da èso tí mo ti sè pẹ̀lú atalẹ̀ lé e lórí, màá sì wọ́n ìyókù sí i. Mi ò ní ààrò ìgbàlódé. Inú ìkòkò irin ńlá ni mo máa ń gbé e sí, yanrìn gbígbóná á wà nísàlẹ̀, ẹyín iná á wà lórí ìdérí. Bó bá tutù, màá gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Bọ́tà náà kì í ṣe ti inú agolo. Obìnrin Fúlàní kan tó ń gbé mílíìkì kiri àdúgbò wa ló ń tà á fún mi. Mánṣánù lòun ń pè é.

Ọ̀pẹ̀yìnbó ni mo kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí Iye kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó dijú. Ó bi mí kí ni wọ́n ń pè é, mo sì ka orúkọ òyìnbó rẹ̀ fún un, gígùn gbọọrọ.

Ó ní, "Orúkọ yẹn gùn ju oúnjẹ lọ. Pẹlẹbẹ ni."

Láti ọjọ́ náà, pẹlẹbẹ ló ń jẹ́ nílé wa.

Iye ní oko kajú. Bí àsìkò rẹ̀ bá dé, gbogbo wa la máa ń lọ bá a ṣà á. Kóró nìkan là ń yọ, òun ni wọ́n ń rà. Èso pupa rèǹtè-rente yẹn, ilẹ̀ la ń dà á sí, kí eṣinṣin àti ewúrẹ́ máa jẹ ẹ́. Ó máa ń dùn mí. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, mo rọra bu kún garawa kan, mo gbé e wálé. Mo fi iyọ̀ sí i, mo fún omi rẹ̀ tó ń ha ọ̀fun dànù, mo wá fi atalẹ̀, ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sè é. Kí n má parọ́ mìíràn kún èyí tó wà nílẹ̀, ó dùn ju ti ọ̀pẹ̀yìnbó lọ.

Ẹ̀yin ará ilé wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tó bá jẹ kajú tó sì mu mílíìkì, kò ní rí ilẹ̀ mọ́. Ní Mopa, ìyá mi máa ń gbé agolo mílíìkì pamọ́ títí àsìkò kajú á fi kọjá. Mílíìkì sì ni bọ́tà. Èmi tí mo kàwé, mo ní àhesọ lásán ni. Mo kọ́kọ́ dá jẹ ẹ́, mo sì dúró fún ọjọ́ méjì kí n tó fún ẹlòmíràn. Ẹ lè máa fi mí rẹ́rìn-ín, alákọ̀wé tó ń fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ wò láàárọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé.

Nígbà tí Iye bi mí èso wo ló wà níbẹ̀, mo ní, "Ọ̀pẹ̀yìnbó ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi. Obìnrin tí kì í jẹun níta láìbèèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi èmi, kò tún bi mí mọ́. Nínú ààwẹ̀, tó bá ti fi dàbínù àti omi ṣínu, pẹlẹbẹ mi ló kàn. Á wá gbàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run bù sí ọwọ́ mi, èmi náà á sì máa ṣe àmín.

Ọdún kẹta ló sọ ọ̀rọ̀ Dáre fún mi. Ìrọ̀lẹ́ kan ni, a jókòó lẹ́yìnkùlé rẹ̀, pẹlẹbẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé wọ́n ti sọ fún ọ pé èmi ni mo pa àkọ́bí mi?"

Mi ò gbọ́ ọ rí, ọkọ mi kò sọ ọ́ fún mi. Ó ní Dáre ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sóko, ó jẹ kajú níbẹ̀, òun kò mọ̀. Nígbà tó délé, ó ní ara ń ro òun, ara rẹ̀ sì gbóná. Òun po mílíìkì fún un kó lè lágbára. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ ló fi pa á.

Ó ní, "Mi ò bá wọn jà. Òótọ́ ni wọ́n sọ."

Ó gbọn èérún pẹlẹbẹ kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì ní kí n fún òun ní ẹyọ kan sí i. Mo fún un.

Mo padà sí ọ̀pẹ̀yìnbó lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Iye jẹ ẹ́, ó wò mí, ó ní ọwọ́ mi ti yàtọ̀, ṣé òun ṣẹ̀ mí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé o. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe tún ṣa kajú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ti àkọ́kọ́, mi ò mọ̀. Èyí, mo mọ̀, mo sì ṣe é.

Mo ti bi nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kajú àti mílíìkì kì í pa ènìyàn, pé ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbóná kó tó mu mílíìkì, ó jọ pé ibà ni. Ó ní ṣùgbọ́n òun kò sí níbẹ̀, òun kò lè búra.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni Iye pè mí lórí fóònù. Ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa, "Okun o, ìyàwó mi." Lọ́dọọdún ló máa ń ṣe sàráà fún Dáre, á se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ó ní lọ́dún yìí, pẹlẹbẹ lòun fẹ́ pín fún wọn, òun sì fẹ́ fi ọwọ́ ara òun ṣe é. Ó ní ọmọ náà fẹ́ràn nǹkan dídùn.

Ẹ rí i bí mo ṣe wà. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè ní mo fi ikú ọmọ òun ṣe ẹ̀fẹ̀, pé mo fún òun ní ohun tí òun kò gbọdọ̀ jẹ, nínú ààwẹ̀. Kò ní purọ́ mọ́ mi. Bí mo bá sì dákẹ́, tí mo kọ́ ọ ní ti ọ̀pẹ̀yìnbó, á lọ sí sàréè pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ló pa ọmọ òun. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ló fi ń gbé kajú àti bọ́tà sẹ́nu láti ọdún mẹ́rin, ó ń jẹ ẹ́, ó ń dúpẹ́, ara rẹ̀ sì le koko. Ọ̀rọ̀ tó lè sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ lórí rẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo sì ń fi ẹnu náà jẹun.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní òun á gbá abẹ́ igi kajú òun kí òun tó máa bọ̀, torí èso ti já sílẹ̀ púpọ̀. Ó ní, "Màá fọ ọwọ́ mi dáadáa. Mi ò ní gbé òórùn rẹ̀ wọ ilé tí mílíìkì wà. Má bẹ̀rù."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní irú ìyá báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà tí ẹ kà á dé ibí. Iye, bí ẹnìkan bá ka èyí sí yín létí kí n tó sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, Sátidé kò jìnnà mọ́. Ẹ bá mi wá gbólóhùn àkọ́kọ́ tí màá sọ fún un. Ìyókù, màá sọ ọ́ fúnra mi.