Rímù Tí Mo Yàn fún Ọkọ̀ Clete Varney

Ẹ̀yin ará, ẹ má dìde kí mi o, ẹ má sì bá mi kẹ́dùn nítorí ikọ́ yìí. Pásítọ̀ Tolliver gbà mí láàyè kí n sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wàásù, wọ́n rò pé ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá. Kì í ṣe ọpẹ́. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi tí mo ti ń gbé rìn láàárín yín, tí mo fi bá yín jẹun, tí mo fi bá yín gbé òkú, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní rí ìgbà tí yìnyín yóò yọ́. Ẹnu tó fẹ́ pa dé títí láé kò yẹ kó tún máa pa irọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ Marlys ni, ìyàwó Clete Varney, tó kú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Dunmore. Ohun tí gbogbo yín mọ̀ ni pé eré àsápajúdé ọkọ rẹ̀ ló pa á. Irọ́ ni. Èmi Lyle Brandvold ni mo pa á.

Gbogbo yín lẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Bàbá mi ta táyà àti rímù níbẹ̀, èmi náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ọkọ̀ ní gbogbo agbègbè yìí, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Clete sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó ní píkọ́ọ̀pù ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù wíwúwo, òun ló fi ń wọ́ tírélà ẹṣin, ìyẹn ilé ẹṣin onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, káàkiri, nítorí Marlys a máa gun ẹṣin sáré ìdíje yípo àwọn àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀ níbi eré àwọn darandaran, kò sì sí obìnrin tó lè bá a dé ibi tó dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ilé kọfí, Clete bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, “Lyle, mo fẹ́ pààrọ̀ rímù ọkọ̀ mi, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti wá sọ́dọ̀ ẹ. Abọ́ tí ajá mi fi ń mumi lẹ́wà ju gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ yẹn lọ.” Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé, “Ajá kẹ̀? Ajá tó níyì ò lè mumi nínú ẹ̀!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀sín náà dùn mí. Mo ní, “Pa ẹnu ẹ dé. Màá gbé èyí tí wàá fi dà bíi gómìnà wá fún ẹ.” Ìgbéraga ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀ yẹn.

Mo wo àwòrán àwọn rímù, mo sì ránṣẹ́ ra èyí tó ń dán jù. Èmi tí mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kó yí rímù dojú dé kó tó wo ẹwà rẹ̀, torí ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé sí, èmi yìí kò béèrè. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé, mo yí ọ̀kan dojú dé. Ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ kò tó rárá. Ihò nọ́ọ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ti ọkọ̀ Clete mu, ẹni tó bá wò ó á ní ó ṣe rẹ́gí. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ afẹ́ ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe fún ọkọ̀ tí tírélà ẹṣin mẹ́rin máa gbé ọrùn lé nídìí. Mo ṣì dì í mú nígbà tí mo gbọ́ ohùn Clete àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Clete súfèé. “Olúwa ò! Lyle, ta lo jí i lọ́wọ́ ẹ̀?” Marlys kò tilẹ̀ wò ó. Ó kọjá lọ sí kọ̀rọ̀ níbi tí mo to àwọn rímù irin dúdú sí, ó fi bàtà ta ọ̀kan. Ó ní, “Èyí ńkọ́?” Ọkọ rẹ̀ ní, “Ìyẹn? Marlys, ṣé pàǹtí ni mo fẹ́ máa fi ọkọ̀ yẹn kó ni?” Ó ní, “Ẹṣin mi lo fẹ́ máa fi kó, èmi náà á sì jókòó síwájú.” Ó wá kọjú sí mi. “Lyle, bí ọmọ ọwọ́ lọkọ mi rí tó bá ti rí ohun tó ń dán. Ìwọ ni mò ń bi. Ṣé èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn lè gbé wa sọ̀kalẹ̀ lórí òkè?”

Ẹ̀yin ará, òtítọ́ ti dé ètè mi. Mo ṣèèṣì, ẹ jẹ́ kí n dá wọn padà: kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Clete ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ká sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀rín ilé kọfí, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rímù náà. Mo ní, “Marlys, ṣé èmi ni màá fún ẹ ní ohun tó máa pa ẹ́?” Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó dáa, tó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀.” Ọwọ́ mi yìí ni mo fi de àwọn nọ́ọ̀tì náà.

Gbogbo ìgbà ooru yẹn, nǹkan kan kò ṣe. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara mi pé ojo ni àwọn tó ń ṣe rímù, pé ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ sí i kò tó agbára rẹ̀. Irọ́ téèyàn bá ń pa fún ara rẹ̀ kì í pẹ́ di òtítọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí n wá fi ọkọ̀ mi wọ́ ọkọ̀ tó dànù ní òkè Dunmore. Wọn ò sọ ọkọ̀ ẹni tó jẹ́. Tírélà ni mo kọ́kọ́ rí, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹṣin kan ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ gbá irin, gbì, gbì, gbì. Wọ́n ti fi aṣọ bo Marlys. Clete jókòó sórí òkúta, ìjánu ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló sì ń sọ: “Mo tẹ bíréèkì. Lyle, mo tẹ bíréèkì.” Mo yí lọ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Àárín rímù ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà lára ọkọ̀, nọ́ọ̀tì rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ de pinpin. Ìyókù ti ya kúrò yípo bí ẹni ya etí búrẹ́dì. Ojú ibi tó ya ti dúdú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ sán lọ́jọ́ yẹn.

Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè wa ni. Ó bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ọ̀gá, wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó yín níbí. Kí lẹ rí?” Mo ní, “Òkúta ló fọ́ rímù yìí nígbà tí ọkọ̀ ń yí. Ẹni tó bá fi eré sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yìí pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.” Ó gbà mí gbọ́. Ta ni kò ní gbà mí gbọ́? Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti tú rímù yòókù, mo wá èyí tó já nínú igbó, mo sì ju gbogbo wọn sínú kòtò àwọn awakùsà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn oko bàbá mi.

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti burú jù. Rárá. Kí wọ́n tó gbé Clete dé iwájú adájọ́, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti rù kan eegun. Lọ́yà rẹ̀ ti ní kó sọ pé òun kò jẹ̀bi. Ó ní, “Lyle, mo ti rò ó títí. Bí mo ṣe rántí ẹ̀, mi ò sáré. Jẹ́jẹ́ ni mò ń bọ̀, Marlys ń sọ̀rọ̀ ẹṣin kan tó ń yarọ. Àmọ́ orí mi lè máa tàn mí jẹ. Ìwọ lo yẹ ọkọ̀ yẹn wò. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́, sọ fún mi: ṣé èmi ni mo pa á?” Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, “O sáré, Clete. Ìwọ ni.” Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, “O ṣeun tó o sọ òtítọ́ fún mi.” Ó lọ, ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n. Mo ti pa ìyàwó. Mo tún wọ inú orí ọkọ lọ, mo pa ohun tó rántí.

Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ Ìsinmi tí Clete kọ́kọ́ padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n. Màmá Ardith, ìyá Marlys, dìde níbi tí mo dúró sí yìí, wọ́n ní, “Ẹni tó pa ọmọ mi ò ní jókòó níbi tí ọmọ mi ń jókòó sí.” Èmi ń wo bàtà mi. Láti ọjọ́ náà, ìdí ilẹ̀kùn ni Clete ń jókòó. Kò wa ọkọ̀ mọ́. Nínú òjò, nínú yìnyín, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ẹ̀yin náà sì ń wa ọkọ̀ yín kọjá lára rẹ̀. Màmá Ardith kú láìkí i. Èmi wà lára àwọn tó gbé pósí wọn, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí àìsàn dá mi gúnlẹ̀, ẹ fi káàdì ránṣẹ́ sí mi. Clete ló fẹsẹ̀ rìn wá. Ó ń la igi fún mi, ó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń gbé ọbẹ̀ ẹran ìgalà wá. Bí mo bá kọ oúnjẹ, á ní, “Jẹun, jàre, arúgbó onírímù. Tó o bá kú, ta ni màá máa bú?” Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í pé kí ló dé tó ń ṣe gbogbo èyí fún mi. Ó ní, “Nígbà tí gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, ìwọ nìkan lo wo ojú mi sọ òtítọ́.” Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ.

Kò lù mí. Ó ní, “Ṣé o ní Marlys béèrè?” Mo ní, “Ó béèrè. Èmi ni mo purọ́ fún un.” Ó jáde. Mo ń gbọ́ àáké níta. Ó la gbogbo igi tó kù, ó tò wọ́n dáadáa, ó wá dúró síta, kò wọlé mọ́. Ó ní, “Má sọ fún èmi nìkan. Dúró níbi tí ìyá ìyàwó mi dúró sí, kó o sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́.” Kò tíì wá sílé mi láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ọwọ́ yín ṣiṣẹ́, bí ẹ bá ṣèèṣì, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀sín kì í pa èèyàn. Ohun tí mo ṣe kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sín ló pa èèyàn. Mo ti fi kòtò náà han ọlọ́pàá, wọ́n ń dúró dè mí níta. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ọkùnrin tí ẹ jẹ ní gbèsè ìkíni ọ̀pọ̀ ọdún ló jókòó sẹ́yìn yín yẹn. Ẹ yíjú sí i. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀. Èmi á dúró.