Ta Ló Kí I Kú Ewu?

Lásìkò tí rédíò ń pariwo pé àwọn dókítà fi ọkàn òkú sí àyà alààyè, mo wọ takisí láti Dùgbẹ̀ lọ sí Bódìjà, tíṣà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nípa ìtàn tó ń kọ.

"Kíndìnrín ọlọ́rọ̀ kan ló bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn dókítà ti bu díẹ̀ lára ẹran ara rẹ̀, wọ́n fi dá ọkùnrin kan tó jọ ọ́ bí ìbejì. Wọ́n la ìyẹn, wọ́n yọ kíndìnrín kan fún ọ̀gá. Ara ọ̀gá yá, gbogbo ẹbí rọ́ wá kí i kú ewu."

"Ta ló kí èkejì?"

"Èkejì wo?"

"Ẹni tí wọ́n là! Àbí ó kú ni?"

"Rárá. Wọ́n ṣì máa padà wá mú ọkàn rẹ̀."

Obìnrin náà pòṣé. "Wọ́n la èèyàn, kò kú, kò sì sẹ́ni tó ní kó kú ewu?"

"Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ìtàn lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìtàn lásán! Ẹran iléyá pàápàá, wọ́n á fún un lómi mu. Ṣé àwọn dókítà ló ń kọ ìtàn ọ̀hún ni? Ìwọ tó dá a, ìwọ náà ò kí i."