Ìfun Ẹran Tí Mo Fi Ṣàánú Igún

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ń tì mí lójú. Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ mi, lẹ́yìn àdúrà aago méjìlá ọ̀sán, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ní, "Dìde, ọdẹ." Mo tẹ̀ lé e.

Ó kọ́kọ́ mú mi dé ibi ìsinmi. Àwọn tí mo mọ̀ pé wọ́n jìyà láyé jókòó lẹ́bàá omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ wọlé, ó dá mi dúró.

A wá sọ̀ kalẹ̀ síbi iná. Mo rí àwọn alágbèrè, mo rí àwọn tó rẹ́ ọmọ òrukàn jẹ, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé ó tọ́ sí wọn. Àfi bí mo ṣe rí igún, igún rẹpẹtẹ, ọrùn wọn rọ, ìyẹ́ wọn ò gbé wọn mọ́, gbogbo wọn ń wò mí, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kọ̀, mo pe Jésù, ohùn ò jáde!

Nígbà tí ohùn mi padà, mo bi í pé, "Ta ló pa wọ́n?"

"Ìwọ ni."

Mo jiyàn. Ṣebí bí mo bá pa ẹran nígbó, mo máa ń tú ìfun rẹ̀ sílẹ̀ fún igún? Mo tilẹ̀ ti fi àánú yẹn yangàn nínú ìjọ yìí.

Ó mú ìfun ẹran kan, ó fún un, ọta wẹ́wẹ́ bọ́ sílẹ̀. "Òjé inú bátìrì ọkọ̀ lo yọ́ fi rọ ọta yìí. Májèlé ni. Òun lo fi ń tọrẹ."

"Wọ́n ní gúnnugún kì í kú léwe, sà."

"Ọwọ́ rẹ ni wọ́n ti kú léwe."

Ó wá fi àwọn òpùrọ́ hàn mí. Òjé gbígbóná ni wọ́n ń jẹ, wọn ò rí i gbé mì. Ó bu tèmi lé mi lọ́wọ́. "Ta lo ní ó pa igún?"

Ará, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí òkú igún ń já bọ́ lẹ́yìn odò ẹran tí wọ́n ti ń pa màlúù, èmi ni mo dìde níbí tí mo ní Ìyá Dèbọ̀rà ni, torí pé ó ń ta orí ẹran gbígbẹ fún àwọn oníṣègùn kó tó gba Jésù. Ó ní, "Bọ̀dá, Ọlọ́run rí mi." Síbẹ̀, ẹ ti tìtorí ọ̀rọ̀ mi gba aṣọ akọrin lára rẹ̀.

Mo bá jí. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ yé fi òjé rọ ọta, ẹ sì ri ìfun mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ìjọ, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá tètè nàka.

Ìyá Dèbọ̀rà, mo rí yín lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ máa bọ̀ níwájú. Èmi ló yẹ kí n jókòó síbẹ̀.