Ibi Tí Mọ́tò Mi Ti Ń Mí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tí ó fi èémí sí wa nímú láàárọ̀ òní. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ mọ́tò mi, èyí aláwọ̀ ewé tí mo máa ń gbé sábẹ́ igi máńgòrò níta yìí. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń bá wọn la títì ni mo ti rà á nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Òyìnbó náà fẹ́ràn eré sísá, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì. Fáànù kékeré kan ni tọ́bò yìí, ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Kí atẹ́gùn tútù lè máa wọlé, ó fa rọ́bà gígùn kan láti ìdí fílítà, èyí tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú atẹ́gùn, lọ síwájú, ó fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn àwọn irin iwájú mọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi rọ́bà yẹn sọ́kàn.

Ibí yìí náà la ti ya mọ́tò náà sí mímọ́. Wòlíì gbàdúrà, wọ́n wọ́n omi, wọ́n sì gbé imọ̀ ọ̀pẹ lé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ oníròyìn ni mò ń ṣe. Kí ètò tó parí, ẹnìkan ti wá pè mí pé ìjà ilẹ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ lóko kan. Mo fi ìkánjú dá màmá mi lóhùn ohun tí wọ́n ń bi mí, mo gun ẹ̀yìn alùpùpù, mo bá ìròyìn lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí àwọn ará wa sá kòkó sí ẹ̀bá títì, tí eruku bo gbogbo nǹkan, mọ́tò yìí bẹ̀rẹ̀ sí mu epo. Epo tó ń gbé mi lọ sí Àkúrẹ́ tó sì ń gbé mi bọ̀ tẹ́lẹ̀, agbára káká ló fi ń gbé mi dé ọ̀hún. Èéfín dúdú ń tú nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan lábúlé Atosin, obìnrin kan tó ń da kòkó rú lórí ẹní gbójú sókè, ó ní, “Bùọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń se ẹ̀wà nínú mọ́tò ni?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Oyún ìyàwó mi ti gbó. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Bùsáyọ̀, àkọ́bí wa, jáde, dókítà ní Àkúrẹ́ kò sì fọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa. Ó ní, “Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọbí, ẹ gbé e wá. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wò ó bóyá yóò bí i nílé. Ojú abẹ àkọ́kọ́ lè ya, ìyá àti ọmọ ló sì lè bá a lọ.”

Epo sì wọ́n nígbà náà. Àwọn takisí kàn gúnlẹ̀ sójú kan ni. Ìwọ̀nba epo tí mo bá rí rà, mọ́tò á gbé e mì. Ó di pé kí n máa ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ táńkì láràárọ̀, kí n wo ibi tí ó tutù dé. Ìyàwó mi ká mi mọ́ ọn, ó ní, “Bàbá Bùsáyọ̀, ẹ fi igi yẹn sílẹ̀. Kò lè bí epo.”

Mo gbé mọ́tò lọ bá Múkáílà, mẹkáníìkì ará Òṣogbo tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù àwọn oníkòkó ṣe. Ó yẹ táńkì wò, kò jò. Ó tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, kò sí ìyàtọ̀. Ó yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, “Ọ̀gá oníròyìn, epo yìí kò jóná tán. Mọ́tò yín kì í mu epo, ó ń fi epo wẹ̀ ni.” Ó ṣí àpótí fílítà, ó gbé fílítà sójú oòrùn. “Ẹ wò ó bó ṣe mọ́, nínú eruku ọyẹ́ yìí. Ẹ̀ ń tọ́jú mọ́tò gan-an.”

Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi. Èmi tó jẹ́ pé ìbéèrè ni mo fi ń jẹun, n kò bi í pé báwo ni fílítà ṣe lè mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú irú eruku yẹn.

Múkáílà gbà pé tọ́bò ló bàjẹ́, ó ní ká yọ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tú ẹ́ńjìnnì, ó sì gbọ́dọ̀ lọ wá àwọn irin kan ní Ìbàdàn. Ta ni yóò tú mọ́tò sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ìkúnlẹ̀? Àwọn kan ní kí n tà á. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀. Mo gbààwẹ̀. Ẹ̀yin náà bá mi gbàdúrà, n kò gbàgbé.

Ọ̀sán kan tí oòrùn mú ganrín-ganrín ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Mo ki igi bọ táńkì, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló tutù. Màmá mi gbé ẹrù ọmọ, wọ́n jókòó tì í lẹ́yìn, a gbéra.

A kò tíì jìnnà sí ìlú tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Bí mo ṣe ń tẹ iná mọ́tò náà tó ni agbára rẹ̀ ń dín tó. Èéfín dúdú bo ẹ̀yìn wa. Ó wú ikọ́ díẹ̀, ó sì dúró, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì, kò sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀. Ìyàwó mi di ẹ̀yìn àga mi mú. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe nǹkan.” N kò mọ nǹkan tí mo lè ṣe. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Màmá mi bọ́ bàtà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sórí títì gbígbóná, wọ́n sì gbóhùn sókè:

“Ọlọ́run tó mí èémí sí Ádámù nímú, ìránṣẹ́bìnrin rẹ rèé. Imọ̀ ọ̀pẹ tí mo fi aṣọ àdúrà wé, tí mo kì bọ mọ́tò yìí nímú lọ́jọ́ tí a yà á sí mímọ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Rántí rẹ̀. Má jẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́.”

Mo ti ń ṣe àmín bọ̀. Mo gé àmín náà sí méjì, mo yíjú sí wọn.

“Màmá, ẹ ní ibo lẹ ki imọ̀ ọ̀pẹ bọ?”

“Imú rẹ̀. Ṣebí ìwọ lo fi hàn mí? Mo ní níbo ni mọ́tò yìí ti ń mí, o nawọ́ sí rọ́bà iwájú, o sáré bá iṣẹ́ rẹ lọ.”

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ màmá mi. Wọ́n gbà pé ibi tí nǹkan ti ń mí ni ìbùkún gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn irin iwájú, mo wá ẹnu rọ́bà náà kàn. Imọ̀ ọ̀pẹ ti gbẹ, ó ti rún. Aṣọ funfun ti di pupa, eruku ti dì mọ́ ọn bí amọ̀, tọ́bò sì ti fà á wọnú rọ́bà bí ìdérí ìgò. Òun ni kò jẹ́ kí eruku dé ọ̀dọ̀ fílítà. Òun náà ni kò jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Epo ń wọlé, atẹ́gùn tí yóò fi jó kò sí.

Mo fà á yọ. Màmá mi wo aṣọ náà, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, “Ṣé èmi ni mo ń fún un lọ́rùn?”

Mo ní, “Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀.”

Ìyàwó mi pariwo láti inú mọ́tò pé, “Ẹ tètè wọlé. Ẹ ó sọ ìyókù tí mo bá bímọ tán.”

Mo ṣíná mọ́tò, ó dáhùn. Ó gun òkè náà bíi pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, n kò sì rí èéfín lẹ́yìn wa mọ́. Epo tí mo rò pé kò lè gbé wa kọjá òkè, ó gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Dókítà wo ìyàwó mi, ó ní, “Díẹ̀ ló kù kó pẹ́ jù,” wọ́n sì gbé e wọlé. Ìgbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ ni mo tó jókòó.

Nígbà tí mo ròyìn fún Múkáílà, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Fílítà yẹn. Lásán ni mo yìn yín.”

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìbùkún wa ló fa ìṣòro wa. N kò ní bá a jiyàn. Mo bi mẹkáníìkì, mo bi awakọ̀, mo bi àwọn tí kò ní mọ́tò rí. Màmá mi nìkan ni n kò bi. Àdúrà ló bá mi bi wọ́n.

Imọ̀ ọ̀pẹ tuntun ti wà nínú mọ́tò báyìí, lára díńgí. Kí màmá mi tó so ó, wọ́n kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n ní, “Ibí yìí ńkọ́? Ṣé kì í gba ibẹ̀ mí?”

Ọmọ náà rèé lẹ́yìn wọn. Bó bá ké báyìí, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kó ké. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ sì bá mi fi ògo fún Ọlọ́run tó fún un ní èémí tó fi ń ké.