Wọ́n Ní Kí N Fọ́ Dígí Àwọn Ìbejì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, nítorí èyí tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Pobẹ̀ yàtọ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó tún jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti ya fọ́tò. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe ń gba iwájú ilé mi kọjá, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ sí Sakété lọ ya ti káàdì ìdánimọ̀ wọn. Wọ́n ní mo da ilé onílé rú. Wọ́n ní mo fẹ́ fi fọ́tò pa ọmọ ọlọ́mọ. Èmi! Èmi tí mo bí mẹ́rin tí mo sì sin ọ̀kan nínú wọn! Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rò pé àforíjì ni mo fẹ́ tọrọ, ẹ ti ṣì mí mú.

Gàrí ni mo ń tà ní Sakété tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi kú lọ́dún tí wọ́n gbé àsíá Faransé sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n sì gbé ti Dàhòmẹ̀ sókè. Fọ́tò kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, èyí tó yà fún káàdì. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò yẹn, ó le koko bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ojú rẹ̀ ni, etí rẹ̀ ni, síbẹ̀ kì í ṣe òun. Ohun tó gbé mi dé iwájú ọ̀gá ayàwòrán tó wà ní Sakété nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tó gba ẹ̀rín lẹ́nu ọkọ mi.

Ọ̀gá fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin tó ti ń hu ewú fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ láàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ. Ó gbà mí ṣá, ṣùgbọ́n omi ni mo ń pọn, dígí ni mo ń fọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀, dígí yìí ni àwòrán kọ́kọ́ máa ń wọ̀ sí nínú àpótí fọ́tò, kí a tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Lójú dígí, ohun tó dúdú á funfun, ohun tó funfun á dúdú. Ọ̀gá kò jẹ́ kí n ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tí a fi ń bo orí wo inú àpótí rí. Ojú ni mo fi kọ́ ọ. Òfin tirẹ̀ ni pé ẹni tó bá jókòó gbọ́dọ̀ kọjú síwájú gbọnrangandan, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kí etí méjèèjì hàn, kí aṣọ tẹ́ dé ilẹ̀. Mi ò sọ pé òfin náà burú. Ó dára fún àgbà tó fẹ́ kí iyì òun hàn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé oòrùn àárọ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wọlé máa ń jẹ́ kí ojú ènìyàn ní òkè àti ilẹ̀, tọ̀sán a sì tẹ́ ojú náà pẹrẹsẹ bí àwo. Mo rí i pé bí a bá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú ojú ẹni, a ó mọ̀ pé ó ń wo nǹkan. Bí a bá fún un mọ́ etí bébà, ńṣe ló máa dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ta ló kọ́ mi? Kò sí. Nígbà tí Ọ̀gá ra àpótí tuntun, ó gbé ògbólógbòó rẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa gbé e lọ sí Pobẹ̀, kí n má bàa bá òun du oníbàárà.

Pobẹ̀ yìí ni Ìyá Ìbejì ti wá bá mi. Táyé rẹ̀, ọkùnrin, ti padà lọ sọ́run. Kẹ́hìndé, obìnrin, ló kù. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ya irú wọn: ẹni tó kù la máa yà lẹ́ẹ̀mejì sórí dígí kan náà, kí àwọn méjèèjì lè wà pa pọ̀ lára ògiri. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló lọ, a ó wọ aṣọ rẹ̀ fún obìnrin tó kù. Ìyá ọkọ Ìyá Ìbejì ló rán an wá, pẹ̀lú dàńṣíkí àti fìlà Táyé nínú igbá.

Mo fi páálí dúdú bo ìlàjì dígí, mo sì ta aṣọ sẹ́yìn kí ojú rírán rẹ̀ bọ́ sí àárín gan-an, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ibi tí ìlàjì méjèèjì ti pàdé. Mo gbé Kẹ́hìndé jókòó. Gbogbo ìgbà tí mo bá ki orí bọ abẹ́ aṣọ ni ọmọ yìí ń yí ọrùn, tó ń wo ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jáde, mo tún orí rẹ̀ ṣe. Ó tún yí i. Ó wá bi mí pé ṣé ibẹ̀ ni Táyé máa jókòó sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí ló dé tí mi ò gbọ́dọ̀ wò ó, Màmá Fọ́tò?”

Ẹ̀yin náà ẹ wí fún mi, kí lẹ máa dá a lóhùn? Mo wo ìyá rẹ̀. Ó tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọ náà ṣe, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bá fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ kó wo ibi tó fẹ́ wò, mo sì yà á. Mo so òwú kan rọ̀ dé ibi tí ojú rẹ̀ ga dé, mo wọ dàńṣíkí àti fìlà fún un, mo gbé páálí sí ìlàjì kejì, mo ní kó jókòó sí òdìkejì kó wo ìdí òwú náà, kí ojú méjèèjì lè ṣe déédéé. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ lọ sílẹ̀ ju èkejì, wọ́n á dà bí àwọn tó ń bínú síra wọn. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè dìde nídìí eré. Ìyá wọn gbá fọ́tò náà mọ́ àyà, ó gbé e lọ sílé.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wò ó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Táyé ń wo Kẹ́hìndé. Ṣé o fẹ́ kó pè é lọ ni?” Ó ju fọ́tò náà sínú iná ààrò. Lọ́sẹ̀ náà, ara ọmọ gbóná, bí ara ọmọ púpọ̀ ṣe gbóná nínú ọyẹ́ yẹn. Ara rẹ̀ sì yá. Kí ló kàn wọ́n pé ó yá? Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gá wá láti Sakété, wọ́n pe èmi náà, wọ́n ní kí n gbé dígí náà dání.

Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ jókòó yí wa ká. Ọ̀gá ní, “Mo kọ́ ọ pé kí wọ́n kọjú síwájú. Ta ló ní kí o máa ronú?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó sọ ibi tí àlébù wà. Ṣé ìmọ́lẹ̀ ni? Ṣé ibi tí ìlàjì méjì ti pàdé ló hàn? Ó gbé dígí sókè sí oòrùn, ó wò ó pẹ́ títí.

“Iṣẹ́ yìí ò ní àlébù,” ló wí. “Fọ́ ọ. Kí o sì tún un yà bó ṣe yẹ.”

Mo ní mi ò ní fọ́ ọ. Ariwo sọ. Àfi bí Ìyá Ìbejì, tí kò tíì sọ̀rọ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ látàárọ̀, ṣe kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀gá. “Ẹ gbé e fún mi, bàbá. Èmi ni mo bí wọn, èmi ni mo máa fọ́ ọ.” Inú wọn dùn sí i. Ó fi etí ìró rẹ̀ wé dígí náà, ó di Kẹ́hìndé lọ́wọ́ mú, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ẹni tó ń wá ọmọrí odó. A ń retí kó dún. Kò dún. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹ̀yìnkùlé, òun àti ọmọ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà Towé, ilé bàbá rẹ̀.

Ó ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní mo tú ilé ká. Wọ́n ní bí mo bá lọ gba dígí náà wá tí mo sì fọ́ ọ lójú wọn, ọ̀rọ̀ á parí, oníbàárà á sì padà. Àwọn kan ní ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà kí n tó yà á bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, àgbà wo ló wà níbẹ̀ tó bá mi dáhùn?

Ìyá Ìbejì ti ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àràárọ̀ lòun ń gbé dígí náà sí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ òun funfun bí ẹfun nínú rẹ̀, òun ò sì rí wọn dáadáa. Ó ní kí n wá bá òun tẹ̀ ẹ́. Mo ti di bébà àti ìgò omi oògùn fọ́tò sínú apẹ̀rẹ̀, ọ̀la ni mo ń lọ sí Towé. Nítorí náà, ẹ má gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ tàbí kí n má lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò: ṣé ẹyọ kan ni kí n tẹ̀ fún un, tàbí kí n tẹ̀ méjì, kí n sì gbé ìkejì kọ́ síta gbangba ní Pobẹ̀ níbí? Ìyá wọn ní bí mo bá kọ́ ọ síta, kò burú lójú òun.