Ẹran Róbótó Tó Mú Mi Ba Orúkọ Alápatà Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé mi yìí, ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí ìyá ọkọ mi ti di ẹrù wọn kúrò nílé wa ní Agbowó, tí wọ́n padà sí Ìsẹ́yìn láìdágbére fún mi. Mo ránṣẹ́ sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Ọkọ mi ò bá mi jà, ṣùgbọ́n bó bá ti jẹun tán, á kàn fi ìwé ìròyìn bojú ni. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Èèyi kọ lu Dúpẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí àìsàn náà fi máa lọ, egungun ìhà ọmọ náà ṣeé kà. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún un lẹ́ran, ṣùgbọ́n kò lókun tí yóò fi rún un. Ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ mi, ibẹ̀ náà ni tíṣà wa obìnrin ti kọ́ wa ní ẹran róbótó yìí. Mo gún ẹran màlúù tútù nínú odó títí tó fi kúnná, mo pò ó mọ́ àlùbọ́sà, ata, iyọ̀, ẹyin kan àti búrẹ́dì tí mo rẹ sómi, mo wá ń mọ ọ́ róbótó-róbótó. A ò ní ààrò bíi ti àwọn oníbúrẹ́dì, nítorí náà mo da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, mo gbé e ka sítóòfù. Nígbà tí yanrìn gbóná dáadáa, mo gbé pánù ẹran lé e, mo sì dé e pa. Kò sí òróró, kò sí omi ọbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dúpẹ́ jẹ mẹ́ta, ó tún nawọ́. Ṣé ẹ mọ bí inú mi ṣe dùn tó?

Àṣìṣe mi ni pé mẹ́ta-mẹ́ta ni mo bù fún gbogbo wa ní Sọ́ńdè yẹn. Ìyá wo àwo tiwọn, wọ́n wo ti ọmọ.

"Ìyàwó, ta ni àgbà níbí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Mi ò rí i nínú àwo. Ọmọ tó ń jẹ ẹran bíi bàbá rẹ̀ báyìí, ọbẹ̀ ta ni kò níí jí jẹ lọ́la?"

Ọkọ mi ní kí n padà sí gígé ẹran bí a ṣe ń gé e tẹ́lẹ̀. Mo fi ẹnu gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ọjà dé, màá gé díẹ̀ lára ẹran Ìyá àti ti ọkọ mi kí n tó sè é, màá sì yan án fún Dúpẹ́ nígbà tí Ìyá bá lọ àdúrà ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rí i pé ẹran ń kéré sí i. Wọ́n bi mí.

"Alápatà ni, mà. Ó ń rẹ́ mi jẹ."

Mo gbàgbé irú ènìyàn tí Ìyá jẹ́. Ní Sátidé, wọ́n wé gèlè, ó di Bódìjà, wọ́n bú ọkùnrin náà lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò bú wọn padà.

"Ìyá mi," ló wí, "ẹran tí mo gé fún ìyàwó yín kò lẹ́sẹ̀ mọ́. Bó bá dín, ẹ bi ẹni tó gbé e délé."

Àwọn èèyàn fi Ìyá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n délé, ìkòkò oníyanrìn wà lórí sítóòfù, Dúpẹ́ sì sáré pàdé wọn tòun ti ẹran lọ́wọ́, "Màmá, ẹ jẹ ẹran mi." Ìyá ò pariwo. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ìwọ lo rán mi lọ bú ọmọlọ́mọ." Wọ́n dìde, wọ́n di ẹrù.

Lánàá, mo kúnlẹ̀ níwájú àtẹ alápatà náà, mo jẹ́wọ́ fún un lójú gbogbo èrò. Ó ń pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Lọ sọ ọ́ fún ìyá arúgbó yẹn."

Màá lọ. Lópin oṣù yìí, èmi àti Dúpẹ́ máa wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Màá kúnlẹ̀ nítorí irọ́ tí mo pa. Mi ò níí kúnlẹ̀ nítorí ẹran tí mo fún ọmọ mi, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń yọ padà. Màá mọ ọ̀kan tó tó ìkúùkù fún Ìyá, màá mọ ti Dúpẹ́ kéékèèké, kí gbogbo ojú lè rí ẹni tó jẹ́ àgbà. Ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, ṣé kí n kọ́kọ́ gbé àwo kalẹ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?