Ọjọ́ Àìkú Tí Mo Ní A Ti Wà Nínú Bàálù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Mo ti rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá ọkọ mi sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ti da orí mi rú. Mi ò mọ̀ bóyá ìkà ni mí tàbí òmùgọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi dá a.

Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń gbé, aṣọ iléèwé ni mò ń rán. Ọkọ mi, Mùfútáù, ń ṣe fèrèsé sí àwọn ilé tuntun ní Ayọ̀bọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun sì ni àkọ́bí bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ mí, ẹ ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ̀dínwó. Mi ò lè ra tòmátò ní Ṣáṣá kí n má ná an títí ẹni tó ń tà á á fi bẹ̀ mí pé kí n gbé e máa lọ. Ìyá Ẹ̀dínwó ni ọkọ mi ń pè mí. Inú mi sì máa ń dùn sí i.

Nígbà tí ọkọ mi rí iṣẹ́ ńlá kan gbà, ó ní òun máa kó èmi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sí Dùbáì ní ọlidé. Àwọn ọmọ ti rí ọgbà ìṣeré kan lórí fóònù, èyí tí ọkọ̀ kékeré inú rẹ̀ máa ń rọra gun òkè, tí á wá já wálẹ̀ lójijì, tí gbogbo èèyàn á máa ké. Wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n wá tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà náà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bí mo ṣe ń ná tòmátò ni mo ṣe wá tíkẹ́ẹ̀tì. Mo rí i pé ẹni tó bá dúró di ẹnu ọ̀nà ọgbà ló ń ra ọ̀wọ́n. Mo rí i pé àárín ọ̀sẹ̀ dínwó ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, àti pé kí ìdílé rà á pọ̀ sàn ju kí wọ́n rà á lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Mò ń ṣọ́ ọ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku. Ọjọ́ tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ dé ìdajì, ojú ẹsẹ̀ ni mo rà á. Wọ́n kọ ọ́ sí i gbangba pé Ọjọ́rú kan ṣoṣo ló wà fún, kò ṣe é yí padà, kò sì ṣe é dá padà. Ìyẹn ò tilẹ̀ kàn mí. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé wa yọjú, kò sì sí ẹni tí mi ò fi han.

Ọjọ́ Ajé la máa wọ bàálù, ṣùgbọ́n àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò mọ ọjọ́ náà pàtó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, mò ń lọ aṣọ àwọn ọmọ, ọkọ mi wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ni àbúrò rẹ̀ obìnrin bá pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é. Bí ìròyìn tí kò dára bá wà, wọn kì í là á mọ́ ọmọ lójú. Ìyàwó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè, kó lè fi ọgbọ́n sọ ọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fóònù tèmi ló pè.

Ó ní, "Ìyàwó wa, Bàbá ò gbádùn o. Láti Jímọ̀ ni wọn ò ti jẹun. Bùrọ̀dá mi ni wọ́n ń bèèrè ṣáá. Ẹ bá wa fọgbọ́n sọ fún wọn, kí wọ́n tètè máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Mi ò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ti tẹ̀ sórí bébà wà lórí àpótí ẹrù wa. Mo wò ó. Mo ní, "Háà, Àǹtí mi, a ti wà nínú bàálù o. Wọ́n ti ní ká pa fóònù." Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Ó wá ní, "Ó dáa náà. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún wọn mọ́ jàre, kí ọkàn wọn má bàa dàrú lọ́nà. Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀." Mo ní àmín.

Ọkọ mi dé, orí rẹ̀ ń dán. Ó bèèrè ẹni tó pè mí. Mo ní oníbàárà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mi ò rò pé Bàbá máa kú. Wọ́n ti ṣàìsàn bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì dìde. Mo sọ fún ara mi pé bí a bá ti dé, Ògbómọ̀ṣọ́ la máa kọ́kọ́ lọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, a wà lórí ìlà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò ọkọ mi wọlé sórí fóònù mi. Bàbá ti lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Lẹ́yìn ìrun àílà ni wọ́n máa sin wọ́n, àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Bí mo tilẹ̀ figbe ta níbẹ̀, a ò lè dé bá ìsìnkú náà. Mo ti fóònù bọ inú báàgì, mo na tíkẹ́ẹ̀tì sí ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkọ mi gun ọkọ̀ náà, ó sì tún un gùn. Ó ń ké bí ọmọdé, ó ń pariwo pé, "Ìyá Ẹ̀dínwó, o ṣe é o!" Mo ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti lanu sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ṣírò ó, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń bo yẹ̀pẹ̀ mọ́ bàbá rẹ̀. Fọ́tò náà ló gbé kọ́ sí pálọ̀ wa.

Nígbà tí a padà dé, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Dópẹ̀mú kó àwọn àgbà wá, wọ́n sì túfọ̀ Bàbá fún un. Ọkọ mi sunkún títí. Mi ò rí i kó sunkún rí. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn àgbà ń yìn mí láàárín èrò. Wọ́n ní obìnrin tó lè mú ọ̀rọ̀ òkú mọ́ra bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, obìnrin ọlọ́gbọ́n ni. Ọkọ mi dì mọ́ mi, ó ní òun dúpẹ́. Mo ní àmín sí gbogbo àdúrà wọn.

Ibẹ̀ ló ti ń dà mí láàmú. Ṣé àṣà ni mo tẹ̀ lé ni, àbí tíkẹ́ẹ̀tì? Wọ́n ní kí n má sọ fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ mi ló jẹ́ kí wọ́n ní kí n má sọ. Ká ní mo sọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú yẹn, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú jù tí ọkọ mi á fi dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Kì í sì í ṣe ti owó. Bí ọkọ mi bá gbọ́, á ju tíkẹ́ẹ̀tì yẹn nù láìwẹ̀yìn. Èmi ni mi ò lè wò ó kó ṣòfò.

Màmá ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń ṣa ẹ̀wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá yín mà fẹ́ràn yín o. Ọjọ́ Àìkú tí ẹ wà nínú bàálù yẹn, wọ́n ní ká gbé àwọn jáde síta, ká tẹ́ ẹní fún àwọn. Wọ́n ń wo ojú ọ̀run títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní bóyá bàálù Mùfútáù á gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí ọ̀kan wá kọjá lóòótọ́, wọ́n na ọwọ́ sí i. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, lọ ire, bọ̀ ire.'"

Mo ní mò ń bọ̀, mo fẹ́ bu omi. Inú balùwẹ̀ ni mo lọ jókòó sí.

Màmá ò tíì sọ ìtàn yìí fún ọkọ mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá dárúkọ ọjọ́ Àìkú létí rẹ̀, á yé e, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ Ajé la wọ bàálù. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un kó tó gbọ́? Bí mo bá jẹ́wọ́, ṣé ẹrù mi ni mò ń sọ̀ kalẹ̀, àbí mò ń gbé e ka òun lórí? Ó ti ń sọ pé ká tún múra ọlidé mìíràn, pé kí Ìyá Ẹ̀dínwó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíkẹ́ẹ̀tì.

Bàálù tó ń lọ sí Ìkẹjà máa ń gba orí ilé wa kọjá. Bí Màmá bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n á gbé ojú sókè. Ọkọ mi á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà á sì wòkè. Ilẹ̀ ni èmi máa ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe?